Bí Gbogbo Fọ́tò Bàbá Ṣe Di Ti Ọjọ́ Kan Ṣoṣo

Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí kì í ṣe ojú ọmọbìnrin náà rárá. Máòsì ló kọ́kọ́ rí, tó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Okùn máòsì náà gùn dé ara kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé, ọwọ́ méjì tó rẹwà sì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó ni ọwọ́. Ó sáré dìde láti gba ẹrù náà, ó tẹ okùn máòsì mọ́lẹ̀, ọmọbìnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lù ú láyà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà ń wí.

"Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò ná, kí ẹ tó máa bẹ̀bẹ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkàn rẹ̀ ni kò rí gbé kúrò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni ọkùnrin yìí, Dókítà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀, ọmọ Bàbá Fọ́tò ni, ayàwòrán tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun òpópónà kejì. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, òun ló sì ń tẹ fọ́tò, tó ń gé e, tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bàbá rin ìrìn àjò, ọmọ sì fẹ́ kó dé bá kọ̀ǹpútà tuntun lórí tábìlì.

"Èyí ti darúgbó," ó ń fọwọ́ pa kọ̀ǹpútà náà lórí. "Tí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè lọ wẹ̀, kí ẹ jẹun, kí ẹ tó padà wá bá a. Ẹ bá mi kó gbogbo fọ́tò inú ẹ̀ sínú tuntun. Gbogbo ayé bàbá mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá kàn fa fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, èyí tó gbà á lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n yà á, kó sì kọ ọjọ́ tó wọlé sí i lára. Ó mọ̀ pé ńṣe ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, kó so ó lẹ́nu, kó wá tú u lọ́hùn-ún, kí ọjọ́ kálukú lè bá a dé ibi tó ń lọ. Kódà ó kọ ọ́ gàdàgbà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: DÌ Í KÍ O TÓ KÓ O. Abẹ́ ìkìlọ̀ yìí gan-an ni ọmọbìnrin náà jókòó sí.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń bẹ kọ̀ǹpútà?" ló bi í.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Gbogbo àdúgbò."

"Mi ò kì í bẹ̀ wọ́n. Mo kàn máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ojú Dókítà wà lára ẹ̀rín, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máòsì, ó sì ń fa fọ́tò Bàbá lọ ràì láìdì í, láìso ó. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ bàjẹ́, torí pé ó tètè tán.

Bí kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní àìsàn kankan ṣe di ohun tí Dókítà ń bẹ̀ wò lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá ó ń gbóná," ni yóò wí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò.

"Kò gbóná."

"Bóyá ó tutù jù ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà a fa àga fún un, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ títí tí oníbàárà kan á fi wúkọ́ láti rán wọn létí pé òun ṣì wà ní ìdúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ́kun àtimáa pe ara wọn ní "ẹ". Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà fọwọ́ lẹ́rán, ó wò ó.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò ní nǹkan kan, o sì mọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni nǹkan ń ṣe. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò sì mọ oògùn ẹ̀."

"Ṣé o ti sinmi díẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, bí o ṣe máa ń sọ fáwọn oníbàárà ẹ?"

"Àràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ìwọ náà ló tún ń kọ́kọ́ yọ."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Èmi náà ò fẹ́ kó san."

Wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ tí Bàbá bá ti dé ni Dókítà yóò wá tọrọ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí Bàbá Fọ́tò ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í fún fọ́tò lórúkọ. Ọjọ́ ló fi ń rántí gbogbo nǹkan. Bí o bá ní kó bá ọ wá fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, á di ojú, á ní, "Sátidé tí atẹ́gùn gbé fìlà àlùfáà lọ," á tẹ ọjọ́ náà, ojú rẹ á sì yọ. Ọmọ rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Kò kàn wá sí i lọ́kàn rárá láti sọ ọ́ fún Dókítà, torí ó rò pé ọjọ́ kì í kúrò lára fọ́tò bí imú ṣe kì í kúrò lójú.

Bàbá dé, ó rí kọ̀ǹpútà tuntun, inú rẹ̀ dùn. Tọkọtìyàwó kan sì wọlé, wọ́n fẹ́ kó bá wọn tún fọ́tò ìgbéyàwó wọn tẹ̀. Bàbá di ojú, ó tẹ ọjọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Òfo. Ó wá wo gbogbo fọ́tò, ó rí i pé ọjọ́ kan náà ló wà lára gbogbo wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá. Ó ṣí ọ̀kan wò, ọmọ jòjòló nínú báàfù. Ó ṣí òmíràn, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń fẹ̀yìn tì. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ìyàwó tó dúró níwájú rẹ̀ yìí ló yọ, pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn.

"Ta nìyí?" ni ọkọ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi mà ni!"

"Ẹ̀gbọ́n ló dì ọ́ mú báyìí?"

Wọ́n gbé ìjà náà jáde. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni Dókítà ń wọlé, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, apẹ̀rẹ̀ èso lọ́wọ́. Ó ti ń ro ohun tó máa kọ́kọ́ sọ bọ̀ láti ilé, èyí tí Bàbá á fi fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Èmi ni mo kó àwọn fọ́tò yín sínú kọ̀ǹpútà tuntun."

Bàbá yọ awò ojú. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà," ni Dókítà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó. Rárá, má jókòó. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọmọ mi?"

Dókítà wo ọmọbìnrin náà. Ó ti fọwọ́ bojú.

"Bí kọ̀ǹpútà yìí ṣe wí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun oṣù tó kọjá ni," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ yẹn náà ló wọ iléèwé, ọjọ́ yẹn náà ló jáde. Ọjọ́ yẹn náà ni ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi gbẹ̀yìn. Ọkùnrin yìí, o kó gbogbo ayé mi sínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo!"

Ó yẹ kí Dókítà dákẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti há sórí bọ̀ láti ilé bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo tún wá tọrọ ọmọ yín, sà."

Bàbá fi awò rẹ̀ sójú padà, ó wò ó. "Ẹni tí kò lè gbé ọjọ́ láti orí tábìlì kan dé orí òmíràn, òun ni kí n gbé ọmọ mi lé lọ́wọ́? Di ìgbà tí mo bá rí àwọn ọjọ́ mi padà, má jẹ́ kí n rí ọ."

Ọmọbìnrin náà bá Dókítà níta níbi tó jókòó sí ti apẹ̀rẹ̀ èso rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Dókítà ń wí. "Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri."

"Kí ló wá dé tí o ò ṣe é?"

"O rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀bi mi wá ni?"

"Rárá, ìfẹ́ mi. Ẹ̀bi mi ni. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ńkọ́? Bí fọ́tò bá ṣì wà nínú ẹ̀, gbogbo ọjọ́ ṣì wà lára wọn."

Ọmọbìnrin náà ti gbé e fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Màmá Àgbà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kó máa fi ṣe eré káàdì.

Wọ́n bá Màmá Àgbà nídìí kọ̀ǹpútà. Kò wẹ̀yìn. "Ẹ dúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn fọ́tò Bàbá ṣì wà níbẹ̀?"

"Àwọn fọ́tò yẹn? Wọ́n ń dí mi lọ́wọ́. Mo ti pinnu pé kí n pa gbogbo wọn rẹ́ láàárọ̀ yìí."

Dókítà di ara ògiri mú.

"Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú," ni Màmá Àgbà wí. "Mo ní kò dá mi lójú, mo sì padà sídìí káàdì mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà ní kí olólùfẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn òun, kí òun má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó ń di fọ́tò ní ọdọọdún, ó ń so àpò kálukú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà arúgbó náà kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń hanrun bí ẹni tó fẹ́ kú sọ́wọ́ wọn, bó bá sì kú, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ọmọbìnrin náà fa páálí ya, ó fún Dókítà ní ìdajì, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ṣé ibà ló ń ṣe é ni?" ni Màmá Àgbà béèrè lórí àga rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro wọ́n. Nígbà tí ọwọ́ kan bá rẹ̀ wọ́n, wọn a pààrọ̀ rẹ̀ sí èkejì, àwọn ọwọ́ tó ń sinmi náà sì wá ara wọn rí lábẹ́ tábìlì. Màmá Àgbà ń díbọ́n pé òun ń sùn.

"Mo rí yín o," ó wí láìlajú. "Ẹ ṣáà máa fẹ́ ẹ lọ. Ọkùnrin tó lè fẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí láìráhùn, á tọ́jú èèyàn."

Wọ́n kó àwọn àpò fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin náà wọlé, Dókítà dúró síta, torí Bàbá kò tíì rí àwọn ọjọ́ rẹ̀ padà. Ọmọbìnrin náà tú àwọn àpò náà bí olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ń pàṣẹ lójú fèrèsé. Bàbá di ojú, ó tẹ ọjọ́ kan. Tọkọtìyàwó àná yọ, àwọn méjèèjì, láìsí ẹ̀gbọ́n láàárín. Ó tẹ òmíràn, ọmọ rẹ̀ yọ nínú aṣọ iléèwé. Ó ronú díẹ̀, ó tún tẹ ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá yọ awò, ó nù ún, ó tún un lò. "Sọ fún ẹni tó wà lójú fèrèsé kó wọlé."

Dókítà wọlé, ó dúró. Bàbá kò wò ó. Ó ń tẹ ọjọ́ lọ, lóṣooṣù, fọ́tò sì ń yọ lórí gbogbo rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Ọjọ́ tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀."

Ó tẹ ọ̀kan. Òfo. Ó yí ọdún padà. Ọjọ́ yẹn ṣì ṣófo, ní ọdọọdún. Ọmọbìnrin náà dá ọjọ́ náà mọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ìyá wà láàyè, àwọn méjèèjì ló máa ń jókòó sílé. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá nìkan ló ń jókòó.

"Nígbà tí a ṣe tiwa, mi ò tíì ní kọ̀ǹpútà," ni Bàbá wí. "Mi ò sì jẹ́ kí nǹkan kan wọ ọjọ́ náà láti ìgbà yẹn. Ó ti ṣófo tó. Ẹ gbà á, kí ẹ fi ṣe ìgbéyàwó yín. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan, tí mo tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni mo fẹ́ rí."

Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Dókítà ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Àbí ọjọ́ náà ò tẹ́ ọ lọ́rùn ni?" ni Bàbá bi í.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, sà. Mò ń rò ó bóyá ẹ̀yin lẹ máa ya fọ́tò náà."

"Ta ló tún kù tó máa yà á? Èmi ni màá yà á, èmi náà ni màá gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ, lọ́jọ́ yẹn, má fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi ọwọ́ ọmọ mi."