Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Mo Lọ Yàn

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé màmá mi kọṣẹ́. Ó ti tẹ ewé mẹ́rìnlá jáde, ó wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ewé kẹẹ̀ẹ́dógún há sí i lẹ́nu. Màmá mi rọra fà á jáde, ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé wọ́n ti fún àwa ọmọ kíláàsì àṣekágbá láyè láti máa kàwé nílé. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn méjì lè dùbúlẹ̀ sí lọ. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, àti àga mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹ̀yìn. Ní òdìkejì títì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí wà, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ọdún mọ́kànlá ni màmá mi fi tẹ táípù ní ọ́fíìsì kan kí wọ́n tó ní kí ó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i lọ́dọọdún nítorí ìjókòó.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbé ìwé àlàyé ọgọ́fà fún màmá mi láti tẹ̀, ewé mẹ́jọ mẹ́jọ, lójú méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti sọ pé bí èyí bá dára, gbogbo iṣẹ́ ọdún náà di ti màmá mi. Nínú owó iṣẹ́ yìí ni a ó sì ti san owó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣejáde mi, tí wọn kò ní gbà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ èyí fún mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

A ránṣẹ́ pe atúnẹ̀rọṣe àdúgbò tí gbogbo èèyàn ń pè ní Má-Tú-U. Bí ó bá ti bá ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀bẹ tàbí irin lọ́wọ́, ohun tó fi ń kí onítọ̀hún nìyẹn. Ó ṣí ikùn ẹ̀rọ náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó tún pa á dé bí ẹni ń fi aṣọ bo òkú.

"Màmá," ó ní, "owó tí ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀ ju owó tí ẹ máa fi sin ín lọ."

Ẹ̀rọ tuntun kò ṣeé dá lábàá. Owó tí màmá mi ní nílé kò tó ìdajì iye rẹ̀, owó ilé ṣọ́ọ̀bù sì wà nínú rẹ̀. Má-Tú-U ní kí á lọ ra àlòkù, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti lésà tó ń lo tónà, ìyẹn íńkì oníyẹ̀fun, nítorí pé èyí tó ń lo íńkì olómi yóò mu owó wa gbẹ kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Òun ìbá bá wa lọ, ṣùgbọ́n báǹkì kan ti gbà á fún iṣẹ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí náà ó kọ́ wa lóhun mẹ́ta, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí á ní kí ẹ̀rọ náà tẹ ìwé tó fi ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ lésà ló ní in, iye ewé tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kí á dìde kúrò níwájú rẹ̀. Èkejì, kí á bèèrè iye tónà kí á tó bèèrè iye ẹ̀rọ. Ó ní ẹni tí kò bèèrè ohun tí ẹṣin ń jẹ kó tó ra ẹṣin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹṣin kọ́rùn. Ẹ̀kẹta ló tẹnu mọ́ jù. Kí á mú ìwé tiwa lọ, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ lójú kan, kí á ki ogójì ewé bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí tí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa.

"Ìwé tuntun máa ń pọ́n gbogbo ẹ̀rọ lé," ó sọ fún mi. "Àmọ́ ìwé tó ti gba inú iná kọjá lẹ́ẹ̀kan ti ká lẹ́nu, ó sì ti ń yọ̀. Ojú kejì iṣẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. Ẹ̀rọ tó bá gbé e láìhá, ẹ gbé e wálé. Èyí tó bá há, ì báà máa dán bí wúrà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́, àbúrò?"

Mo ní mo gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹsẹ̀ màmá mi kò jẹ́ kí ó lè wọ bàtà. Ó gbé owó lé mi lọ́wọ́, ó ṣa ogójì ewé nínú àwọn ìwé tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú kan. Ìwé lílé ayálégbé wà nínú wọn, ìwé ìwáṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ẹnìkan fi bíírò ṣírò owó epo sí náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n má ṣe kánjú.

Títì àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù gùn. Obìnrin àgbàlagbà kan ni mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tó so awò ojú mọ́ okùn lọ́rùn. Ẹ̀rọ tó fi hàn mí ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń fa sìgá, wọ́n sì fi téèpù lẹ ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí n tó béèrè, ó ti ní kí ó tẹ ìtàn ara rẹ̀: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì. Ó ní tónà rẹ̀ kún gbogbo títì yìí, ó ṣeé bù sí. Owó tó pè é jẹ́ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi gẹ́lẹ́. Mo wo téèpù yẹn. Mo rò ó bí yóò ṣe rí lórí tábìlì wa níwájú àwọn ọmọ agbẹ̀bí. Mo ní mò ń bọ̀, mà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà 'mò ń bọ̀' tí oníbàárà ń sọ yìí, ó mà jìn o. Máa lọ, ọmọ mi. Bí o bá rẹ́ni tó máa tàn ẹ́, kó sáà ṣe é pẹ̀lú sùúrù."

Ṣọ́ọ̀bù kẹta tàbí ìkẹrin tí mo wọ̀ ní gíláàsì níwájú àti fáànù lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó pè mí ní ọ̀gá wa obìnrin, ó fà mí ní àga. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ìjókòó gíga kan, ọmọ kíláàsì mi ló wà níbẹ̀ tó ń tẹ fóònù. A máa ń pè é ní Ọmọ Ọ̀gá nílé-ìwé. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló ni ibí. Ó kí mi dáadáa, ó ní ṣé mo ti forúkọ sílẹ̀. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé jáde dúdú, ó ń dán, kò tóbi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi fóònù tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i láìlo wáyà, ó sì tẹ ewé mẹ́wàá lórí ìwé funfun báláú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mú bí abẹ́rẹ́. Mo béèrè ìwé ìtàn rẹ̀. Ó ní wọ́n ti nu gbogbo rẹ̀ nù kí ẹ̀rọ lè padà dà bíi tuntun. Mo béèrè tónà. Ó ní tónà wà nínú rẹ̀ ní kíkún, kí ni mo tún fẹ́ fi òmíràn ṣe. Mo mọ̀ pé ìdáhùn méjèèjì kì í ṣe ìdáhùn. Ó ku ohun kan, èyí tí Má-Tú-U tẹnu mọ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ọ̀rá náà sì pariwo.

Ọmọ Ọ̀gá gbójú sókè. "Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn? Àbí ìwọ lò ń bá wọn kó ìdọ̀tí àdúgbò yín?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Àwàdà ló ń ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ti kan ewé òkè pátápátá. Ìwé lílé ayálégbé ni. Mo rò pé bí mo bá fà á jáde, gbogbo kíláàsì yóò ti gbọ́ kí ó tó di ọjọ́ Ajé.

"Kò sí nǹkan," mo ní, mo sì fa ọwọ́ mi jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dín owó ẹ̀rọ náà kù díẹ̀, ó ní nítorí pé ọ̀rẹ́ ọmọ ọ̀gá òun ni mí. Ó béèrè pé ṣé kí òun dì í. Mo ní kí ó dì í. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ títì, mo ju ọ̀rá náà sínú agolo ìdọ̀tí kan, nítorí pé bí mo bá gbé e délé, ojú kejì àwọn ewé yẹn yóò ṣì ṣófo, màmá mi yóò sì rí i.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá mi bi mí. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ó ní, "Ṣé o ki ìwé wa bọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò.

Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo ojú kìíní jáde láìlábàwọ́n, màmá mi sì ń kọrin lábẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dojú àwọn ewé náà dé, a tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ewé kẹta há. Èkejìlá àti ẹ̀kẹtàlá wọlé pọ̀, wọ́n ká jọ sínú rẹ̀. Èyí tó bá jáde, dúdú ti ra ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ìdajì iṣẹ́ ti bàjẹ́, iná pupa kan sì tàn tó ń sọ pé tónà ti tán. A lọ káàkiri. Kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀.

Má-Tú-U dé ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó yọ rọ́bà tó ń gbé ìwé jáde, ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó ti jẹ dan bí òkúta odò. Ó ní ẹ̀rọ yìí ti tẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ, wọ́n kàn fi epo nu ara rẹ̀ ni. Ó wá wò mí.

"Ṣé o ki ìwé yẹn bọ̀ ọ́?"

Màmá mi ló dáhùn. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí àwọn ewé tó ń ṣà. "Ó ki ìwé náà bọ̀ ọ́. Ọmọ mi kì í parọ́ fún mi. Bóyá ojú ọ̀nà ló bàjẹ́ sí."

Bí ó bá jẹ́ pé ó na ìka sí mi ni, ǹ bá lè dúró lórí irọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́ níwájú àlejò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú nínú sálúbàtà, mi ò sì lè gbé e.

"Mi ò ki ìwé náà bọ̀ ọ́, mà," mo ní. "Ojú ló tì mí."

Má-Tú-U yíjú sí ìta. Màmá mi to àwọn ewé ọwọ́ rẹ̀ títí etí wọn fi dọ́gba. Ohùn rẹ̀ kò ga nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìwé yẹn ló ń bọ́ ẹ láti ọdún wọ̀nyí."

Ó ní kí n bá òun gbé àga tí kò ní ẹ̀yìn, kí òun lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọ́ka sí ìwé kékeré kan lára gíláàsì: ọjà tó bá ti jáde kì í wọlé mọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin aláwò ojú. Ó ti ta ẹ̀rọ alátéèpù yẹn ní ọ̀sán Àbámẹ́ta náà gan-an, mi ò tilẹ̀ ní owó tí ǹ bá fi rà á. Màmá mi gbé ìyókù iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn tẹ̀, ó sì san ju ohun tí wọn yóò san fún òun lọ. Ọjọ́ Ajé ló tó dé tábìlì akọ̀wé, dípò ọjọ́ Ẹtì. Akọ̀wé náà dúpẹ́. Ó ní àwọn ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá àwọn ṣe é láti ìgbà yìí lọ.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní kíláàsì. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí. Ìbéèrè mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ ìdí kọ̀ọ̀kan. Ojú ohun tó ń bọ́ mi ló tì mí níwájú ẹni tí kò bọ́ mi rí, ìtìjú náà kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá fi irọ́ bò ó, irọ́ yẹn ló gba ọjọ́ mẹ́rin tí à bá fi wá àtúnṣe. Ẹni tí ẹ bá ń tijú rẹ̀ kò ní bá yín san ohun tí ìtìjú náà bá gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ dán ọjà wò lójú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ìdánwò lọ́dún náà, èmi kò ṣe é. Ní oṣù kẹjọ, màmá mi dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé.