Iná Ìtẹ̀lé Nínú Ilé Òkùnkùn

Iná mẹ́fà ló wà lára bàálù ogun tí Evdokia ń yẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ti ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Ó yíjú sẹ́yìn láti wá ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó rí mẹ́ta mìíràn.

Wọ́n wà lẹ́bàá ògiri, nínú òkùnkùn, níbi tí kò sí bàálù kankan. Iná pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n gùn tó apá ọmọdé, àwọ̀ ewé sì ni wọ́n nínú awò òru tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n ń lọ sókè díẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ohun tí afẹ́fẹ́ gbé dání. Evdokia ṣí awò náà kúrò lójú, òkùnkùn biribiri ló rí. Ó tún gbé e wọ̀, iná mẹ́ta náà kò kúrò níbẹ̀.

"Stathis," ó pe Sájẹ́ǹtì tó jókòó sí àyè awabàálù, "ṣé o tan nǹkan mìíràn ni?"

"Nǹkan wo, Ìyá wa? Bàálù kan ṣoṣo ló wà níbí. Àbí ẹ ti ta ọtí ouzo sẹ́nu kẹ́ẹ tó jẹun ọ̀sán?"

Evdokia fa imú. Òórùn omi òkun ń wọ̀ ọ́ nímú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ilé náà gbẹ táútáú.

Ilé Òkùnkùn ni gbogbo ibùdó ọmọ ogun òfuurufú náà ń pe ibẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun àwọn fèrèsé rẹ̀ kí wọ́n lè máa yẹ iná wò lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí bàálù méjì bá ń fò pọ̀ lóru, iná pẹlẹbẹ tó wà lára bàálù iwájú ni ẹni ẹ̀yìn máa ń wò, òun ló fi ń mọ bí àyè àárín wọn ṣe tó. Ẹni ẹ̀yìn yìí sì wọ awò òru, awò tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ bíńtín di ńlá. Iná tó dára lójú lásán lè fọ́ ojú ẹni tó wọ awò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni méjì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹnì kan á jókòó sínú bàálù, á máa tan iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kejì á wọ awò, á dúró ní ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, lápá òsì, ní àyè tí bàálù kejì máa ń wà lófuurufú. Á máa dáhùn pé "Ó mọ́" tàbí "Ó ń fọ́jú." Ọdún mẹ́tàlélógún ni Evdokia ti ń dúró sí àyè yìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó purọ́ rí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n nìyí tí inú ti ń bí i, tí ìbínú náà kò sì jẹ́ kó sùn.

Bàálù tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pikoulas ni, ọ̀gá gbogbo awabàálù ibùdó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan báyìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná tuntun sí ìrù rẹ̀ lápá òsì. Evdokia wọ awò, Stathis tan án, ìmọ́lẹ̀ náà sì ya bo ojú awò bí wàrà tó hó dànù. Ìrù bàálù pòórá, ìyẹ́ pòórá, kò mọ̀ bóyá ogún ìṣísẹ̀ ló wà láàárín àwọn tàbí méjì. Ó ṣí ìwé bàálù, ó fa àmì pupa sí i: kò gbọdọ̀ fò lóru.

Nígbà tí Stathis lọ jẹun, Pikoulas fúnra rẹ̀ wá. Ó ṣí fìlà, ó tẹjú mọ́ iná náà.

"Ó ń tàn. Kí ló tún kù?"

"Ọ̀gá, ẹ wọ awò ná kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀."

"Ojú tí ìyá mi bí mọ́ mi tó mi í wò." Ó fa ojú ìwé náà ya, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fò ṣíwájú. Thrasos Melidis, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fò tẹ̀ lé e. Pikoulas nìkan ló padà wálé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná mìíràn ti wà nídìí ìrù yẹn, iná tó mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni kò sì rí èyí tí wọ́n yọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ náà ni kò mọ àyè àárín, pé àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló gbé e sínú òkun.

Ìwé kan ló kù. Pikoulas fẹ́ kí Evdokia buwọ́ lù ú pé òun yẹ iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pé gbogbo wọn ló mọ́. Bí ó bá buwọ́ lù ú, wọn kò ní kọ orúkọ Thrasos sára òkúta àwọn tó kú fún ilẹ̀ wọn, ìyá rẹ̀ á sì gbé ìtìjú ọmọ rẹ̀ wọ sàréè. Bí kò bá sì buwọ́ lù ú, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún di àtijọ́. Kó tó di àdúrà ọjọ́ ogójì tí wọ́n ń gbà fún òkú ni wọ́n fẹ́ gba ìwé náà.

Inú bí Evdokia sí Pikoulas. Inú bí i sí àwọn tó ń kí i ní sàlúù. Inú bí i sí òkun tó gbé ọmọ ọlọ́mọ mì tó tún ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú oòrùn. Tó bá ń fọ abọ́ nílé, abọ́ ń fọ́. Tí ọkọ rẹ̀ bá ní kí ló dé, á ní kó fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún ẹyọ ènìyàn kan pé òun rí i nígbà tí Pikoulas ya ojú ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, iná mẹ́ta náà ti kúrò lẹ́bàá ògiri. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Evdokia fún Stathis ní awò kó fi wò ó.

"Mẹ́fà ni mo rí, Ìyá wa. Tara bàálù."

"Wo ẹ̀yìn."

"Ògiri ni." Stathis rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n lọ pe àlùfáà ni, kó wá wọ́n omi mímọ́ síbí?"

"Fi àlùfáà sílẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń bá wí."

Ó dá a lójú. Thrasos ló ń bọ̀, bàálù ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń wá bọ̀. Ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ohun tí alààyè kò lè sọ, òkú á sọ ọ́. Kí Pikoulas ṣáà wá síbí kó wọ awò, á rí ohun tó máa rí.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógójì, lágogo méjìlá ọ̀sán, Pikoulas gbé ìwé náà láti orí tábìlì Evdokia wá bá a.

"Ìyáàfin Evdokia, ìwé yìí ti fẹ́ẹ́ hu irùngbọ̀n lórí tábìlì yín."

"Ẹ wọ awò yìí, Ọ̀gá. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

"Tí mo bá wọ̀ ọ́, ṣé ẹ máa buwọ́ lù ú?"

"Ẹ wọ̀ ọ́ ná."

Ó wọ̀ ọ́. Ó yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Evdokia tẹ́tí sílẹ̀. Ó ń retí igbe ọkùnrin náà.

"Kí ni kí n rí?"

"Iná. Mẹ́ta."

"Mi ò rí iná kankan." Pikoulas sì yán. Nínú òkùnkùn yẹn, Evdokia gbọ́ bó ṣe ya ẹnu rẹ̀ gbàgà tó sì yán, bí ẹni tí wọ́n ka ìwé gígùn fún.

Ìbínú ru bò ó lójú. Ó gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wọ̀.

Iná mẹ́ta náà kò jìnnà sí i ju ìwọ̀n apá kan lọ. Láàárín wọn ni akoto awabàálù kan wà, omi ń kán láti etí rẹ̀, kò sì dún bó ṣe ń kan ilẹ̀. Bàálù ọ̀gá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, akoto náà kò kọjú síbẹ̀. Evdokia yẹ̀ sápá òsì, àwọn iná náà yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n sún tẹ̀ lé e, wọ́n dúró, àyè àárín wọn kò dín, kò lé.

Ìgbà yẹn ló yé e. Bàálù kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ márùn-ún. Òun ló ń dúró lọ́sọ̀ọ̀sán ní àyè ọmọ náà, òun ni ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé.

"Ẹ buwọ́ lù ú, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun," Pikoulas ní, ó na gègé sí i.

"Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan!" Igbe rẹ̀ mú kí Stathis fò sọ̀ kalẹ̀ láti inú bàálù. "Mo fi àmì pupa sí i, ẹ fa ojú ìwé ya. Ojú mi báyìí ló ṣe. Stathis, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

Pikoulas kò bínú. Ó fi ìdérí dé gègé rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi yín léèrè, Ìyáàfin Evdokia. Wọ́n máa ní tẹ́ẹ bá rí i, kí lẹ fi ẹnu yín ṣe láti ọjọ́ yìí? Kí lẹ fẹ́ wí?"

Evdokia ṣí awò kúrò lójú, ó gbé e lé Stathis lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ogójì, lẹ́yìn àdúrà, Polyxeni ìyá Thrasos dúró sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ dúdú. Àwo ńlá koliva wà níwájú rẹ̀, àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà bò fún òkú, ó ń bù ú fún wọn ní ife kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà á á ní kí Ọlọ́run dárí ji òkú náà. Pikoulas ti gba tirẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tó kan Evdokia, ó gba ife, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ìyá Thrasos, ọmọ yín ò ṣẹ̀. Iná tó wà nídìí bàálù Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló fọ́ ọ lójú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó má fò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ya ìwé náà, mo ń wò ó."

 Pikoulas gbé ife sílẹ̀, ó kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dúró, Kọ́nẹ́ẹ̀lì," Polyxeni ní. Kò gbóhùn sókè. Àwọn sójà méjì tó wà lẹ́nu géètì kò sì yà fún ọ̀gá wọn. Ó wá yíjú sí Evdokia. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí wọ́n tó fò. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn."

Polyxeni gbé ṣíbí lélẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lókè wọn, agogo mọ́kànlá àárọ̀.

"Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ mi máa ń wá dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Aṣọ rẹ̀ á máa kán omi. Mo ní ta ló ṣe é? Kò dárúkọ ọkùnrin kankan. Ó ní, 'Màmá, obìnrin kan wà tó rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Bí kò bá tíì sọ ọ́ tí ọ̀sán ọjọ́ ogójì bá fi pọ́n, màá mú un dání lọ.'"

Evdokia gbójú sókè wo agogo.

"Mi ò mọ obìnrin wo ni. Mò ń wò yín lójú lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀, bí mo ṣe ń bu koliva." Polyxeni na ọwọ́, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ mi sára òkúta, ìwọ ló sì máa jẹ́rìí níwájú ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ òkú ọmọ mi, o ò ní jẹ ẹ́."

Ó dà á padà sínú àwo, ó sì pe ẹni tó kàn.