Síkẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ṣàdédé Tú

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu télọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin olùwádìí kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn ni kò fi lè dáhùn nígbà tó kí i. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé ọmọbìnrin náà léjìká. Télọ̀ rí i pé ó rẹwà. Àmọ́ ìwé tó gbé dání ni ojú télọ̀ dúró sí, bí ajá tí wọ́n ti nà rí ṣe ń wo ọ̀pá.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ọmọ lẹ dàgbà sí. Ìwádìí ni mò ń ṣe lórí àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá."

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló rán ẹ?"

"Yunifásítì ni."

"Àwọn yẹn náà á ní ẹni tó rán wọn."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í léèrè ẹni tó ń gé irun rẹ̀ nígbà náà, àti bó ṣe rí lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí wọ́n gbé báàgì kan lé e lọ́wọ́ tí wọ́n ní ó dàbọ̀. Télọ̀ ń dáhùn ṣókí ṣókí. Lọ́jọ́ kẹta, ìbéèrè tán.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ọmọbìnrin náà tún dé pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì kan. "Ẹ bá mi wò ó, bọ̀dá. Ó ṣàdédé tú ni."

Télọ̀ gbé ojú rírán náà sí ìmọ́lẹ̀. "Òwú tó bá gbó, orí rẹ̀ máa ń rí wúruwùru. Èyí mọ́ tónítóní. Abẹ lo fi gé e. Kí lo tún wá wò?"

Ojú tì í. "Ìwọ ni mo wá wò." Kò rántí pe bọ̀dá mọ́.

Inú ẹlòmíràn ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ẹni ejò ti bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ," ni télọ̀ wí, "àǹtí kan máa ń fún mi ní súìtì lójoojúmọ́. Mò ń pè é ní ìyá mi. Ìgbà tí mo dàgbà tí wọ́n fi fáìlì mi hàn mí ni mo rí ohun tó kọ: 'Ọmọ yìí tètè máa ń fẹ́ràn ẹni tó bá fún un ní nǹkan.' Àṣé ó fi súìtì dán mi wò ni. Máa lọ, àǹtí olùwádìí. Mi ò wọ fáìlì mọ́."

Ó lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ló gbà lọ tààrà.

"O fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kúrò?" Ọ̀gá obìnrin náà ranjú mọ́ ọn. "Òun ni òpó iṣẹ́ ẹ!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fẹ́ ẹni tí à ń wádìí, mà."

"Fi ọkùnrin náà sílẹ̀, nígbà náà!"

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo lè fi sílẹ̀, mà."

Ọdún kan gbáko ni yóò fi tún iṣẹ́ náà ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo ohùn àti ìwé lọ fún télọ̀. "Gbogbo ohun tí o sọ nìyí. Kò sí nínú iṣẹ́ mi mọ́."

Télọ̀ yẹ ìwé náà wò, tojú tẹ̀yìn. "Ṣé kò sí èyí tí o tọ́jú pa mọ́?"

"Ó wà. Èyí tó wà nínú orí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá ìyẹn padà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu télọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Jókòó, ọ̀bayéjẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ó kàn mí láti bi ọ́. Kí lo jẹ láàárọ̀? Ta ló máa ń pariwo jù nílé yín? Bí ìyá ẹ bá ní òun ò mọ ẹbí mi ńkọ́?"

"Màá ní èmi ni ẹbí ẹ."

"Bó bá kọ̀?"

"Màmá mi máa ń kọ̀ títí á fi gbà ni."

Télọ̀ ká ìwé náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí i létí, ó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é kó tó di pé ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìtọ́jú ọmọ, orúkọ tí kò sí nínú fáìlì kankan. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Èmi ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà, tí mò ń sọ ìtàn yìí, ti wà lókèèrè nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyàwó ló kọ lẹ́tà sí mi: bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ̀ fún oṣù mẹ́fà, bó ṣe wá gbà, aṣọ tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un. Ó kọ gbogbo rẹ̀, àfi orúkọ yẹn.