Ilé Onítáyà Tó Wù Wá, Tí Píkọ́ọ̀pù Wa Kò Lè Gbé

Lọ́jọ́ Sátidé tí a lọ ra ilé onítáyà, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lẹ́yìn kiri, orin ni mo ń kọ láti ẹnu ọ̀nà wa ní Nebraska títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń tà á:

Ilé wa ń yí táyà o,
Òkè ń pè wá, a ń bọ̀.
Idella, gbé kọfí kaná,
Àbúrò rẹ dé tán o.

Idella ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn àwọn òkè Colorado ló ń gbé, a ò sì fojú kan ara wa láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi àti Orrin ọkọ mi ló fẹ́ wakọ̀ lọ bá a.

Èyí tó gùn jù ló wù wá. Kí ọkùnrin tó ń tà á tó lanu, mo ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n rẹ̀ ní gbígbẹ jẹ́ póùn 6,200, píkọ́ọ̀pù wa sì lè fa 9,000. Inú Orrin dùn. Létí àgbẹ̀ alágbàdo, ọ̀rọ̀ iyì ni "gbígbẹ".

Mo ní kó ṣe sùúrù, ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Verna, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wọn ọkọ̀ àgbàdo níbi tí àwa àgbẹ̀ ti ń já àgbàdo sílẹ̀ fún títà. Orrin kùn, ó ní òun kì í ṣe àpò àgbàdo, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi.

Verna gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Gbígbẹ kẹ̀? Bàbá Orrin, ṣé ẹ ò ní mu omi lọ́nà ni? Àgbàdo yín náà, ìgbà tó bá tutù ló ń wúwo."

Ó ṣàlàyé pé gbígbẹ túmọ̀ sí pé kò sí omi, gáàsì, oúnjẹ, ìkòkò tàbí aṣọ nínú rẹ̀. Tí a bá kó wọn sí i tán, á súnmọ́ 7,600. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ píkọ́ọ̀pù wa, ó fi bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀ hàn wá: 1,480. Gbogbo ẹrù tí píkọ́ọ̀pù lè gbé sẹ́yìn ara rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú èèyàn inú rẹ̀. Ọrùn ilé onítáyà tó jókòó lórí ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọgọ́rùn-ún póùn ìwọ̀n ilé náà, bíi mẹ́tàlá ló ń tẹ ìkọ́ yẹn: tiwa á tó 990.

Ó ní ká gun sikéèlì. Mo ti sọ pé 160 ni mí. Sikéèlì ní 190.

"Ìyá, sikéèlì yìí kì í tijú ẹnikẹ́ni," ni Verna wí.

Ó ro àwa méjì, ajá wa, igi ìdáná àti irinṣẹ́ Orrin pọ̀ mọ́ 990 yẹn. Ó di 1,680.

"Ó lè fà á o, kò lè gbé e ni. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rì, iwájú á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Mọ́mì Idella?"

Orrin tún wo bébà náà. Ó ní kò burú, ká mú èyí tó kúrú, òun á máa ká ẹsẹ̀ òun sùn.

Èyí kékeré la rà. Tẹrùtẹrù, kò ju 4,500 lọ. A sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkọ̀ ò gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń jó bọ̀ kí Orrin tó pa iná ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ ka bébà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín kí ọkàn yín tó fà sí ilé kankan. Ẹ má fi ìwọ̀n gbígbẹ ṣírò. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ilé náà lè ní tẹrùtẹrù, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ ro ọrùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara yín àti ẹrù yín. Tí ẹ bá di ẹrù tán, ẹ tún gbé ọkọ̀ gun sikéèlì. Tí ẹrù bá fi póùn kan lé ohun tí bébà náà gbà, ẹ sọ nǹkan kalẹ̀. Ẹni tó ń retí yín ò ní béèrè bí bẹ́ẹ̀dì yín ṣe fẹ̀ tó. Ojú yín ló fẹ́ rí.