Àpótí Ẹ̀yìn Àga Ìwàásù

Orí ni gbogbo ìjọ kọ́kọ́ rí, ká má sì purọ́, ìdajì orí ni. Ìborí aláwọ̀ ewé kan, iwájú orí tó ń dán, ojú méjì, ó tán. Àga ìwàásù ìjọ náà ga débi pé ẹni tó bá kúrú kò lè ṣe ju kó yọjú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti ẹ̀yìn igi náà jáde kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun kúrú. Ó kún ilé ìjọsìn dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí káfíńtà kan ti ń gbé ìjókòó gígùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wọlé.

Káfíńtà dúró gbọ́, ìjókòó léjìká. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí Sákéù, ọkùnrin kúkúrú inú Bíbélì tó gun igi kó tó lè rí Jésù. Bó ṣe ní, "Sákéù gun igi náà, ó gùn ún dé òkè," ni kéèsì oníke tí wọ́n ń kó ìgò sí, èyí tó dúró lé, là sí méjì. Orí pòórá. Gbogbo ìjọ na ọrùn. Kò pẹ́ tí ohùn náà tún jáde láti ìsàlẹ̀, kò gbọ̀n rárá: "Olúwa sì wí fún un pé, Sákéù, yára, sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀rín tí ìjọ rín lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn ò tíì rín in tán. Káfíńtà gbé ìjókòó sílẹ̀, ó sáré dé ẹ̀yìn àga ìwàásù, ó bá a lórí ilẹ̀, omijé ẹ̀rín lójú, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Aránṣọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sí àdúgbò náà ni, ó sì máa ń gbàgbé láti bọ́ tépù yẹn. Káfíńtà bi í bóyá ó fara pa. Ó ní rárá, kó ṣáà bá òun wá nǹkan tí òun máa dúró lé, torí ìwàásù ò tíì parí. Kò sí nǹkan kan nítòsí àfi àpótí irinṣẹ́ káfíńtà fúnra rẹ̀. Ó gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di dandan kó jókòó títí ìsìn fi parí, nítorí ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ oníwàásù, ibo ló fẹ́ lọ?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọ ti sọ obìnrin náà ní Ohùn-ju-ara. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ dìde dúró, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín," ni ó wí. "Mo fẹ́ kan àpótí ìdúró fún yín."

"Èmi ni mo ń wọn ènìyàn níbí," ni Ohùn-ju-ara dáhùn, òwú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù kí n wọn ẹni tó ń wọn ènìyàn. Láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ ni mo ń wá."

"Tí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo kúrú, èmi àti yín ni."

Ó ní òun ò ní sọ, gbogbo ìjọ ṣáà ti rí i.

Pásítọ̀ rí àpótí tuntun náà, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ abẹ̀wò. Pásítọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Òfin ẹgbẹ́ yìí rọrùn: ẹnikẹ́ni tí kò bá wá sí ìsìn ní Sọ́ńdè méjì léraléra, ọkùnrin kan àti obìnrin kan gbọ́dọ̀ lọ wò ó nílé, kí wọ́n ka Bíbélì fún un, kí wọ́n gbàdúrà, ì báà ṣe olówó, ì báà ṣe tálákà. Alàgbà tó jẹ́ bàbá káfíńtà ló dá òfin náà sílẹ̀, ó sì máa ń fi í yangàn. Iṣẹ́ káfíńtà ni alàgbà náà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Òun ló kan àga ìwàásù yẹn nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó wọ̀n ọ́n mọ́ àyà pásítọ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó ga bí òpó. Pásítọ̀ ìsinsìnyí ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò kàn jẹ́ wí ni.

Ohùn-ju-ara a gbé Bíbélì, káfíńtà a gbé òòlù, nítorí kò sí ilé tí wọ́n wọ̀ tí ilẹ̀kùn kan kì í há tàbí kí ẹsẹ̀ ibùsùn kan máa mì. Ilé tí wọ́n ń lọ jù ni ti Ìyá Etí-Fèrèsé, arúgbó kan tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn mọ́, tó ń jókòó létí fèrèsé láti àárọ̀, tó sì mọ ohun gbogbo. Ìyá náà ní bí ọ̀kan bá ti ń gbàdúrà ni èkejì ń kan ìṣó, àti pé Àmín àti ìró òòlù ti di ọ̀kan náà létí òun. Ó sì máa ń wò wọ́n títí wọ́n á fi yà ní ìkòríta.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ti ilé rẹ̀ bọ̀, òjò ká wọn mọ́ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì. Káfíńtà ń fi òòlù gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ni ó wí, "má rẹ́rìn-ín."

"Mo ti ń rẹ́rìn-ín."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí kéèsì yẹn ti fọ́ ni."

Ohùn-ju-ara nu omi òjò kúrò lára Bíbélì. "Tèmi pẹ́ díẹ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ tí o tún ilẹ̀kùn Ìyá Etí-Fèrèsé ṣe, tí o wá lọ tún ti aládùúgbò rẹ̀ ṣe, ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, tó tún máa ń bú wa. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀." Òjò dá, wọn ò mọ̀ pé ó ti dá. Inú wọn dùn ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Káfíńtà lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Alàgbà kò ní ohunkóhun lòdì sí ọmọbìnrin náà: ó mọ iṣẹ́, ó mọ ọ̀wọ̀, òun ló sì rán kóòtù tí alàgbà ń wọ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè. Àmọ́ ti àga ìwàásù ni kò gbà. Ó ní obìnrin lè kọrin, ó lè bẹ ènìyàn wò, ó lè ka Bíbélì, ṣùgbọ́n kó gun orí àga yẹn kò bójú mu, pàápàá ìyàwó ọmọ òun. Ó ní ṣé kí òun wá jókòó nísàlẹ̀ kí ìyàwó ọmọ òun máa bá òun wí láti òkè ni?

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni káfíńtà, ìjà kò sí lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni jẹ́jẹ́ rẹ̀ ti bà á jẹ́. Ó ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé bí àwọn bá ti ṣègbéyàwó, Ohùn-ju-ara máa fi ìwàásù sílẹ̀. Alàgbà súre fún un lójú ẹsẹ̀. Káfíńtà sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ bí ẹni gbé ẹ̀bùn dání.

Aṣọ ni ó bá a tó ń lọ̀. Ó gbé áyọ̀ọ̀nù náà dúró, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

"Ta ló rán ọ?" ni ó bi í.

"Nítorí àlàáfíà ni."

"Ohun tí o fi ra àlàáfíà yẹn, tèmi ni. Ọlọ́run ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́. Bí Ó bá ní kí n sọ̀kalẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀ bíi Sákéù. Ìwọ kọ́ ni Òun."

Kò pariwo, ì bá sì sàn fún káfíńtà ká ní ó pariwo. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti tán, ṣùgbọ́n àwọn á jọ máa bẹ àwọn ènìyàn wò nìṣó, nítorí àwọn aláìsàn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n tún dé ilé Ìyá Etí-Fèrèsé, ìyá náà gbọ́ àdúrà, ó gbọ́ òòlù, kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó rán Ohùn-ju-ara lọ bu omi wá, ó sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu káfíńtà. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ọmọ mi, ẹran ẹlẹ́ran lo fi ṣe àlejò. Padà lọ gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, káfíńtà bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fá pákó. "Bàbá, ìlérí tí mo ṣe fún yín, kì í ṣe èmi ló yẹ kó ṣe é. Mo gbà á padà. Bí ẹ kò bá súre fún wa, màá dúró, n kò ní ṣe é lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀."

"Kó o dúró nígbà náà," ni alàgbà wí, kò sì gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ohùn-ju-ara ni ìwàásù kàn. Lójú gbogbo ìjọ, káfíńtà gbé àpótí náà lọ sẹ́yìn àga ìwàásù fún un. Alàgbà dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ kò ka ìyẹn sí wíwá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, alàgbà kò tilẹ̀ jáde nílé. Nǹkan kan ló gbàgbé, òfin ni, òun ló sì dá a.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i, ó rí Bíbélì, ó rí òòlù. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ó wo yàrá, ó rí i pé àga kò tó, ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó gbé ìjókòó gígùn kan wọlé fún wọn.

Ohùn-ju-ara ka Orin Dáfídì kan, ó rọra kà á. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà fún ọwọ́ tó kan gbogbo ìjókòó tí ìjọ ń jókòó lé, ó dúpẹ́ nítorí ìyàwó alàgbà tó ti di olóògbé, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí Ó wo ohunkóhun tó bá ń dun bàbá náà sàn. Kò mẹ́nu kan ìgbéyàwó, kò mẹ́nu kan ìwàásù. Wọ́n ṣe Àmín. Alàgbà wú ikọ́.

"Ẹ̀yìn ò dùn mí," ni ó wí.

"A mọ̀, sà," ni Ohùn-ju-ara dáhùn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ dá gbé ìjókòó yìí wọlé."

Káfíńtà kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Alàgbà fẹ́ le ojú, ojú kọ̀, kò le.

"Kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ mi?" ni ó bi í. "O mọ̀ pé mi ò fẹ́ kó o máa wàásù."

"Òfin yín ni, sà. Ó ní ká lọ wo ẹni tí kò bá wá. Kò ní ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fẹ́ràn wa."

Bàbá náà wo Bíbélì tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyá ọmọ yìí ló máa ń ka Bíbélì fún mi ní yàrá yìí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kà á níbí." Ó nu ojú rẹ̀, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àpótí tí o kàn fún un, ó ń mì."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò tẹ́jú, Bàbá."

"Ilẹ̀ kọ́. Àga yẹn ló ga jù. Ẹni tó ń lò ó ni mo wọ̀n nígbà tí mo kàn án, ẹni náà kò sí mọ́. Igi là ń gé kó bá ènìyàn mu, a kì í gé ènìyàn kó bá igi mu. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ sí Ohùn-ju-ara. "Yá mi ní tépù ọrùn rẹ yẹn. Dìde dúró."

"Láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ ni, sà," ni ó wí. "Ọmọ yín ti wọ̀n ọ́n rí."

"Jẹ́ kí n wọn tèmi."

Nígbà tí wọ́n jáde sí òpópónà, Ohùn-ju-ara ní Ìyá Etí-Fèrèsé ti sọ fún òun pé káfíńtà gba ìlérí rẹ̀ padà. Káfíńtà bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá á tún yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni.

"Mi ò ní yí i padà mọ́," ni káfíńtà wí. "Ohùn mi, ṣé wàá fẹ́ mi? N kò tíì bá ọ dá ẹnikẹ́ni lóhùn o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Màá fẹ́ ọ."

Alàgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé àga ìwàásù náà, ó sì fá a dán. Ohùn-ju-ara dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀, ìjọ rí i dé àyà, wọ́n sì gbọ́ pé ohùn náà kò yí padà. Gbogbo ènìyàn rò pé iṣẹ́ àpótí ti tán.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, wọ́n ti gbé Ìyá Etí-Fèrèsé wá pẹ̀lú àga rẹ̀, wọ́n sì fi í sí etí fèrèsé. Tọkọtaya dúró níwájú pásítọ̀ láti jẹ́ ẹ̀jẹ́, àyà ọkọ ni ojú ìyàwó kàn. Alàgbà dìde. Ó lọ gbé àpótí náà wá, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí aránṣọ kó lè gùn ún. Ojú wọn bá ara wọn dọ́gba. Àpótí náà fẹ́ mì, bàbá náà bá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí wọ́n fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán. Ìgbà tó fi máa nàró, ẹ̀yìn ti ń dùn ún lóòótọ́. Ó ní kí ìyàwó ọmọ òun gbàdúrà fún ẹ̀yìn náà.