Ó Ku Sípánà Kan

Mẹkáníìkì kan yọ̀ ṣubú lórí ọ́ìlì lójú oníbàárà. Ó jókòó díẹ̀ láàárín àwọn bóòtì onírin tó fọ́n ká ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó sì dìde. Oníbàárà náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi. Àyè ọkọ̀ méjì ni, pẹ̀lú kòtò kan tí wọ́n ń wọ̀ láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, àti pátákó kan lára ògiri tó yẹ kí wọ́n máa fi irinṣẹ́ kọ́ sí. Ẹni mẹ́ta ló ti gbálẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Àkọ́kọ́ máa ń sùn sínú ọkọ̀ oníbàárà. Ìkejì ń kó irin àlòkù lọ tà. Ìkẹta jáde lọ ra omi, kò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin mẹkáníìkì ló ń gbálẹ̀ bó bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Nítorí bó ṣe máa ń pàṣẹ, àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré.

Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣubú, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wá ẹni tó ṣeé gbára lé fún mi," ó ní. "Ẹni tó o bá mú ni mo gbà."

Kò tíì fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́ rí. Orí rẹ̀ wú.

Ẹni méjì ló wá. Àkọ́kọ́ ni ìyá àgbà kan tó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tọ́jú yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Màmá Ọsibítù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ó wo ilẹ̀, ó wo pátákó, ó sì béèrè iye irinṣẹ́ tí wọ́n ní. Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá náà ní níbi tí òun ti ń bọ̀, dókítà kì í rán ikùn aláìsàn pa dé títí wọn yóò fi ka irinṣẹ́ tán. Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kejì ni Sísí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jáde ilé ìwé lọ́dún tó kọjá, tó ṣì ń wá iṣẹ́.

"Ṣé ìyá arúgbó yẹn lo máa gbé iṣẹ́ náà fún, tó o fi máa fi èmi sílẹ̀?" Sísí bi í. "Ojú wo lo máa fi wò mí lọ́la?"

Ọ̀gá Kékeré mú Sísí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Sísí ń gbá ìdọ̀tí sínú kòtò, ó ń da iyanrìn bo ọ́ìlì, ó sì ń rọ́ irinṣẹ́ sínú àpótí láìnù wọ́n. Ọ̀gá Kékeré rí i. Ó gbé ìwé rẹ̀ tì, ó wọnú kòtò, ó kó ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀. Kò sọ fún bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n tún ṣe, tó ń gbé àwọn ọmọ iléèwé, fẹ́ jáde. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni ẹni tó ni ín ní. Ọ̀kan yìí ló fi dán ilé iṣẹ́ náà wò. Sísí ti lọ kó tó tó àsìkò. Mẹkáníìkì ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí ẹ́ńjìnnì, dé, ó bi ọmọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn bóyá irinṣẹ́ pé.

Ọ̀gá Kékeré wo àpótí. Kò ṣí i. "Ó pé, Bàbá."

Bọ́ọ̀sì náà kò rìn jìnnà. Sípánà kan tí wọ́n gbàgbé sórí ẹ́ńjìnnì já bọ́ sínú fáànù. Fáànù ṣẹ́, ó sì lu rédíétọ̀ tí omi ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé awakọ̀ kò tíì gbé ọmọ kankan. Ó fẹsẹ̀ rìn padà wá, ó gbé sípánà náà, tó ti tẹ̀, sórí tábìlì. Mẹkáníìkì sọ fún un pé òun lòun ṣe é, òun yóò sì tún un ṣe.

Nígbà tí awakọ̀ lọ, ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ṣí àpótí, òun mọ̀ pé Sísí kì í tò ó, òun sì ń bò ó láṣìírí láti ọjọ́ mélòó kan.

Bàbá rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Èmi ló gbàgbé sípánà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo gbà tí mo fi jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde. Lọ tún iṣẹ́ tí mo gbé fún ọ ṣe."

Ọ̀gá Kékeré lọ sọ fún Sísí pé kó má wá mọ́. Sísí pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ọmọ náà fara dà á. Láti ibẹ̀ ó lọ bẹ Màmá Ọsibítù.

Ìyá náà kò bá a wí. Ó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọṣẹ, omi gbígbóná àti ṣọ́ọ̀kì. Ó fọ ilẹ̀ títí mẹkáníìkì fi rí i pé pupa ni sìmẹ́ǹtì òun. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí àyè èyí tí kò bá sí níbẹ̀ lè hàn. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ọ̀gá Kékeré padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ni bọ́ọ̀sì wá gbé e fúnra rẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe, ó ń dún dáadáa. Màmá Ọsibítù dúró síwájú ọkọ̀. Ó ní ó ku sípánà kan tí kò sí lórí pátákó, nọ́ńbà mẹ́wàá.

Ọkùnrin náà wo aago. Ó ní àwọn ọmọ tó dúró fún ẹ̀kọ́ àfikún ti fẹ́ jáde ní ilé ìwé. Mẹkáníìkì ní òun ti wo orí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kó máa lọ. Bí ọkùnrin yìí bá bínú lọ, bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a lọ.

Ìyá náà kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ lo gbà mí síṣẹ́. Kí lo wí?"

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Kò ní jáde títí yóò fi pé. Ẹ má bínú, Bàbá."

Wọ́n tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí. Wọ́n wọ kòtò, wọ́n gbé àga, wọ́n gbọn àkísà. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì náà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó yá, Màmá Ọsibítù ní kí mẹkáníìkì yí ẹ̀yìn padà.

"Ó wà ní ìdí yín, ọ̀gá," ó ní.

Inú àpò ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni sípánà náà wà. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọkọ̀. Ó ní òun ti bá mẹkáníìkì púpọ̀ lò, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tú àpò ọ̀gá wò. Ó ní kí wọ́n máa retí bọ́ọ̀sì méjì yòókù lọ́jọ́ Ajé.

Mẹkáníìkì náà kì í yin ènìyàn. Ó tọ́ka sí Màmá Ọsibítù. "Ọmọ mi ló mú un," ó ní. Ó tún sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta táyà ní òdìkejì títì, tí kò bi í léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wo pé ọ̀rẹ́ yín ni. Ohun tí ẹ kò bá sì fojú ara yín kà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó pé.