Ohun Tí A Tẹ̀ Lẹ́yìn Òjò

Ẹni tó bá ti gbé ní Dutse Alhaji, ní Àbújá, rí mọ bí òjò ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Yóò kọ́kọ́ ṣú lórí àwọn òkè tó wà lọ́nà Bwari, afẹ́fẹ́ yóò gbé eruku dìde, àwọn obìnrin yóò sáré lọ kó aṣọ lórí okùn. Kí wọ́n tó kó o tán, páànù ti ń ké. Bó bá dá, kálukú yóò ká ṣòkòtò sókè, yóò máa fi ìgbálẹ̀ ti omi síta, yóò máa bú odò ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé odò ló wá bá a níbẹ̀. Odò ò wá bá ẹnikẹ́ni o, àwa la lọ bá odò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí n tó bínú sí ẹnikẹ́ni.

Etí irú odò kékeré bẹ́ẹ̀ ni ilé Bámiṣayọ̀ wà. Dírẹ́bà ni, ọmọ Ìsánlú, gáréèjì Jabi ló sì ti ń kó èrò lọ sí ọ̀nà ìlú wọn. Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó rẹ̀, ń ránṣọ níwájú ilé. Ọmọ wọn ti lọ sí ilé ìwé ní Ìlọrin, ìyá Bámiṣayọ̀ ló kù lọ́dọ̀ wọn. Orúnkún ń da màmá yìí láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un wá sí Àbújá, kí wọ́n lè máa gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Ìsánlú. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, èyí tó kọjú sí odò, torí pé ibẹ̀ ló tutù jù, ooru ò sì bá a lára mu.

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omíyalé wá ri òpó irin mọ́ inú odò náà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí òpó, ó ń wo bí omi ṣe ga tó àti bí òjò ṣe rọ̀ tó, ó sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan láàrin ìlú. Bí kọ̀ǹpútà náà bá rí i pé omi máa wọlé àwọn ènìyàn, yóò pe fóònù wọn kó tó dé.

Níyìolúwa, ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà kan láti ẹgbẹ́ náà, ló wá ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpàdé àwọn onílé. Ó ní kọ̀ǹpútà yìí ò dà bí èyí tó ń ka owó ní báńkì, tí ẹnì kan ti kọ gbogbo òfin rẹ̀ sí i nínú. Àpẹẹrẹ ló fi ń kọ́ ọgbọ́n. Bí òjò bá ti dá, ohùn kan yóò pe onílé kọ̀ọ̀kan ní èdè rẹ̀, yóò béèrè ibi tí omi dé. Bí omi ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá, tẹ oókan. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, tẹ eéjì. Bó bá wọ yàrá, tẹ ẹẹ́ta. Inú ìdáhùn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ti máa mọ irú òjò tó ń yọ àdúgbò wo lẹ́nu. Ó ní àwọn onílé gan-an ni olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní omi tútù, ó lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò ní àdúgbò tí Àlhájì Sàkáríyà, alága àwọn onílé, fi ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, páìpù omi ló ń tà. Ilé tó kọ́kọ́ kọ́ ní ìlú Àbújá yìí, àmì pupa ni ìjọba fi sí i lára, wọ́n sì fi katapila wó o láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti báàgì ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ nínú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dárúkọ katapila, kì í ṣe àwàdà.

Ó ní, "Ẹni tó bá tẹ ẹẹ́ta, katapila ló ń pè. Wọ́n á ní ojú ọ̀nà omi la kọ́lé sí. Oókan ni kí gbogbo wa máa tẹ̀."

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ẹ má tètè dá wọn lẹ́jọ́ o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ọjọ́ yẹn, òjò ń rọ̀, omi ń wọlé, wọ́n ń gbá a síta, fóònù ń dún, gbogbo àdúgbò ń tẹ oókan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà tí omi wọ yàrá Màmá dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Òjò dá, fóònù Bámiṣayọ̀ dún lórí tábìlì, Màmá gbé e. Ó fẹ́ràn ohùn inú fóònù yẹn. Ó máa ń kí i, a máa béèrè ará ilé lọ́wọ́ rẹ̀, Fẹ̀yìntọlá yóò sì rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ yìí, ó gbọ́ gbogbo ohun tí ohùn náà wí, ó sì ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá fi èyí tó ń jẹ́ ẹẹ́ta han òun.

Bámiṣayọ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ oókan.

"Bámi, ẹní mi tutù," ni Màmá wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Bí a bá sọ ọ́, wọ́n á wó ilé yìí mọ́ wa lórí ni."

"Ṣé irọ́ ló wá máa gbé e dúró?"

Bámiṣayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ká ẹní náà, ó lọ sá a sórí ọgbà. Ó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, Bámiṣayọ̀ ti kó èrò kúrò ní Jabi láàárọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wà nílẹ̀ tí Fẹ̀yìntọlá gbọ́dọ̀ gbé lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kubwa. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo fóònù rẹ̀. Fóònù dákẹ́.

Ibẹ̀ ló wà tí Nafisah fi pè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òdìkejì odò ló ń gbé, kókó àti kósáì, ìyẹn ògì àti àkàrà àwọn Hausa, ló ń tà. Àwọn ará òdìkejì ò lọ sí ìpàdé Àlhájì Sàkáríyà, ohun tí omi bá ṣe ni wọ́n ń tẹ̀. Nafisah ní ẹ̀rọ ti pe gbogbo àwọn o, ó ní omi tó ń bọ̀ máa pọ̀ gan-an, àwọn ti ń kó ẹrù lọ sókè, kí Fẹ̀yìntọlá tètè gbé Màmá wá kí àwọn jọ máa lọ.

"Tiwa ò pè," ni Fẹ̀yìntọlá dá a lóhùn. "Bí ewu bá wà, ṣé wọn ò ní pè wá ni?"

Nafisah ní kai, ṣebí odò kan náà ni. Fẹ̀yìntọlá ní ẹnjiníà ti ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà mọ ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó tún ro ti orúnkún Màmá, àti pákó tí wọ́n fi ṣe afárá, bí yóò ṣe máa yọ̀ nínú òjò. Ó po tíì fún Màmá, ó ti fèrèsé kí òjò má fẹ́ sí i lára, ó gbé aṣọ, ó lọ sí Kubwa.

Ẹ wò ó, àwọn tó ń purọ́ fún ẹ̀rọ yìí náà ni wọ́n tún gbẹ́kẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Mo ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, n kò tíì rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dùn mí.

Omi dé kí òjò tó rọ̀ dáadáa níbẹ̀, torí pé orí òkè ló ti rọ̀ wá. Ó wó ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ó ya wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ohùn Màmá. Wọn ò rí ilẹ̀kùn ṣí. Àlhájì Sàkáríyà fúnra rẹ̀ ló gun orí ilé, ó ń fi ọwọ́ lásán fa páànù ya, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé Màmá jáde láti ojú páànù yẹn. Kò mí mọ́.

Wọn ò túfọ̀ fún Bámiṣayọ̀ lórí fóònù, torí pé èrò wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ara Màmá ò yá. Ó já èrò rẹ̀ tán, ó yí padà, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kò gbé e. Nígbà tó dé, tó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n káwọ́ lérí níta, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ẹní Màmá ni omi gbé kọjá sódìkejì. Ara ọgbà Nafisah ni wọ́n ti bá a.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín sí Ìsánlú tí wọ́n padà dé, Níyìolúwa wá kí wọn, èmi tí mò ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ náà sì tẹ̀lé e. Àwọn aládùúgbò kún pálọ̀. Bámiṣayọ̀ ò jẹ́ kó kí i tán.

"Ẹ̀rọ yín pe àwọn ará òdìkejì. Kí ló dé tí kò pè wá?"

Níyìolúwa dá a lóhùn. "Bùọ̀dá, ẹ̀rọ yẹn ò rí ilé yín. Omi inú odò ló rí, ó sì rí i pé ó ń ga. Ohun tí omi tó bá ga ń ṣe ládùúgbò yìí, ẹ̀yin lẹ sọ fún un. Gbogbo òjò tó rọ̀, ẹ ní omi ò dé ibí. Ó gbà yín gbọ́."

Ó wá ṣàlàyé pé kò sí ìlà kan tí wọ́n fà fún ẹ̀rọ náà pé ibí ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìyá tó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, tó ní ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, tàbí ó gbóná gan-an. Àwọn ọmọ tó ti tọ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Ká ní ní gbogbo ìgbà tí ọmọ ń ṣàìsàn, ẹnì kan ń sọ fún ìyá náà pé ara ọmọ le, ìyá á ṣì gbọ́ ooru lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ mọ́ pé àìsàn ni. Omijé ti ń bọ́ lójú Níyìolúwa náà. Ó ní ẹ̀bi àwọn wà níbẹ̀, pé nígbà tí àdúgbò tó wà létí odò ń sọ pé òun gbẹ ju ti orí òkè lọ, ó yẹ kí àwọn ti wá fojú ara àwọn wò ó.

Àlhájì Sàkáríyà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n máa tẹ oókan, kí ẹnikẹ́ni má bá Bámiṣayọ̀ wí.

Bámiṣayọ̀ mi orí. "Àlhájì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Màmá gbé fóònù, ó fẹ́ tẹ ẹẹ́ta. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá fi ìborùn bo ojú.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi ohùn kékeré béèrè ọ̀rọ̀ katapila. Níyìolúwa ní ìdáhùn tí wọ́n ń tẹ̀ ò ní orúkọ onílé lára, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ nìkan ló sì ń lọ. Ó ní òun ò lè búra nípa ohun tí ìjọba máa ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n omi ò dúró kí ẹnikẹ́ni júwe ilé fún òun kó tó wọlé. Àlhájì Sàkáríyà ló parí rẹ̀.

"Wọ́n wó ilé mi rí," ló wí. "Mo kọ́ òmíràn. Ta ló máa kọ́ Màmá Ìsánlú fún wa?"

Lọ́jọ́ yẹn, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òjò tó rántí àti ibi tí omi rẹ̀ dé, Níyìolúwa sì ń gbà á sílẹ̀ kí wọ́n lè tún ẹ̀rọ náà kọ́. Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, tí omi dé ẹnu ọ̀nà, fóònù dún. Bámiṣayọ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn tó ti ṣófo. Ó tẹ eéjì. Ohùn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó di fóònù mú, ó sì kí ohùn náà bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kí i, ó béèrè ará ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, irú ẹ̀rọ báyìí ti pọ̀ lóde òní. Òmíràn ń wo bóyá afárá ti fẹ́ là, òmíràn ń bá dókítà wo àwòrán àyà aláìsàn. Kò sí èyí tó mọ òótọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá kọ́ ọ ló mọ̀, bí a bá kọ́ ọ nírọ́, irọ́ náà ni yóò fi dá wa lóhùn lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Bí ẹ̀rù kan bá ń bà yín, ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹnjiníà ṣì jókòó, ẹ má dúró kó lọ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.

Bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́, ẹ má sọ pé ewu ò sí. Ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ gbọ́ ti ọ̀rẹ́ tó ń pè yín, ẹ kọ́kọ́ gbé arúgbó, ọmọdé àti aláìsàn kúrò létí omi. Bí ẹ bá kúrò tí omi ò dé, àárẹ̀ lásán ni.

Bí ohùn náà bá sì pè yín lẹ́yìn òjò, ohun tí omi ṣe gan-an ni kí ẹ sọ. Bí ìyá arúgbó kan nínú ilé bá ní ẹní òun tutù, ẹ fún un ní fóònù, kó tẹ̀ ẹ́.